Apá Kejì Géètì Jímọ̀

Ilé wa, Kábà,
Ọjọ́bọ̀.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn, okun àdúgbò Àbújá tí ará ilé kejì kì í ti í kí ara wọn. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ara òun le, pé ẹ̀fọ́ tí o gbìn sẹ́yìn ilé ti hù ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé kí o yé jẹ búrẹ́dì láràárọ̀ bí ẹni tí kò ní ìyá. Mo ti jíṣẹ́ tèmi. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn, ìyá rẹ ni mo kọ ọ́ sí nígbà tí mò ń wá a, ó sì ránṣẹ́ padà pé àṣìkọ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìfẹ́ inú rẹ̀ lọ. Èdè Owé tiwa ní Kábà ni mo fi ń ronú, Yorùbá tí tíṣà fi pàṣán kọ́ wa ni mo ń kọ sílẹ̀, nítorí náà bí o bá débi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, fojú fò ó. Ìyá rẹ ni yóò ya fọ́tò bébà yìí lójúewé-lójúewé fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kà á. Yóò kà á.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe èyí tí mo lè dáhùn lórí fóònù. Mo dákẹ́, ìwọ ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ ń gbọ́ mi? Bàbá?" O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tò ó bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ibi iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí, irin ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé ní ọnà: géètì, ojú fèrèsé, èyí tí àwọn olówó ń gbé kọ́ sára ògiri. Ìwọ ni ò ń ya ọnà náà sínú kọ̀ǹpútà. Dàńjúmà ni ó ń darí ẹ̀rọ tó ń gé e. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán ọ wò, o ti lo méjì. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí, ẹ̀rọ gé ọnà kan já sí méjì láàárín, odidi páànù irin ńlá kan sì ṣòfò. Ọ̀gá yín béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwọ dáhùn pé, "Dàńjúmà ló gé e." Ọ̀gá ní kí Dàńjúmà máa lọ sílé, pé tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ òun yóò pinnu bóyá kó padà wá tàbí kó máa wá iṣẹ́ mìíràn. O ní ọkàn rẹ ti ń sọ fún ọ kí o tó lanu pé ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tí o délé tí o ṣí àwòrán rẹ wò lo wá rí i dájú. O wá bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gba ọ̀nà tèmi, torí o mọ̀ pé bí mo bá rí ohun tí kò yé mi, mi ò lè kọjá lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ yìí kò sì tíì yé mi tán.

Ṣé o rántí ọjọ́ kejì Àjíǹde tí o gbé e ka orí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín ayùn àti òòlù? Mo bi ọ́ pé báwo lẹ ṣe ń ya ewé kan kí apá ọ̀tún rẹ̀ bá tòsì mu láìyẹ̀ bíńtín. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ìdajì la ń yà." O fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, o ní àárín nìyẹn. O fi àmì róbótó mélòó kan sí apá òsì, ìlà so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. O di ọ̀kan mú, o fà á, ìlà sì tẹ̀ kọ́lọ́ bí irin tó ti pọ́n nínú iná. Ìdajì ewé yọ. O wá tẹ nǹkan kan báyìí, ìdajì kejì dé, ó kọjú sí àkọ́kọ́. Mo pariwo! Ìyá rẹ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé irin ló bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń yún mi. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀tún àti òsì? Èmi fi bí oṣù mẹ́fà kọ́ ọ lórí irin, ẹgba ọ̀gá sì pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí o bá ya ìdajì tí kò dára ńkọ́, ṣé yóò mọ̀, kó bá ọ tún un ṣe? Mo pè ọ́ lórí ìyẹn nìkan, o rántí, o wà nínú ọkọ̀. O ní rárá, àìdára náà ni yóò tún yà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, háà, ó jọ ènìyàn nígbà náà.

Nígbà tí o ní kí èmi náà gbìyànjú, ewé tí mo yà dà bí etí ewúrẹ́ tí ajá já jẹ. Mo gbọ́ pé o fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, pé ẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Kò burú. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò mú òòlù lójú mi.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, jẹ́ kí n kà á bí oníwàásù. Ohun tí kò bá yé ọ, béèrè kí o tó fọwọ́ kàn án. Nígbà kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sámù, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan mú bébà wá, wọ́n ya irin ojú fèrèsé sí i. Ìdajì ni wọ́n yà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń yà á lónìí, wọ́n wá fa ìlà jáńjálá-jàńjàlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ń sọ fún oníṣẹ́ pé kó ṣe ìdajì kejì ní òdì. Èmi kò mọ̀. Ọ̀gá bi mí pé, "Ṣé ó yé ọ?" Mo ní, "Ó yé mi dáadáa, sà." Mo ṣe ìdajì fèrèsé, mo kùn ún, mo ru ú dé ilé ọkùnrin náà. Ó gbé e sójú fèrèsé rẹ̀, ó wò mí, ó wo irin, ó ní, "Ibi tó ṣẹ́ kù yìí, ibẹ̀ ni olè yóò máa gbà, àbí?"

Títí di òní, bí mo bá rí ìdajì àwòrán, ojú a máa tì mí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àjíǹde náà, tí o ń bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Dúpẹ́. Ìwọ náà ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, kò sẹ́ni tí yóò bú ọ pé o béèrè. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni ìbéèrè máa ń nira, nígbà tí wọ́n bá ti ń pè ọ́ ní ọ̀gá.

Èkejì. Àárín ni kí o ti máa wọn ohun gbogbo, má ṣe ti ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀. O mọ irin àgbélébùú tó wà lójú fèrèsé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mo ṣe é, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ti fi tépù wọ̀n ọ́n, n kò mọ̀ pé ògiri náà wọ́ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí a gbé e sókè, àgbélébùú náà sún sí ọ̀tún níwọ̀n ìka méjì. Kò sẹ́ni tó rí i. Èmi ń rí i. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, apá ibi tí òpó ti bò ó ni mo máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ rò pé nítorí afẹ́fẹ́ ni. (Ìyá Dúpẹ́, mo mọ̀ pé ò ń kà á. Ó tán, o ti mọ̀ báyìí.)

Ìlà àárín tí o fà kí o tó fa ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn sí i ju ewé tó tẹ̀ lé e lọ. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó kọ́ ọmọ yìí kọ́ ọ dáadáa. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń kánjú mú ọ fò ó.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ibi tí ìdajì méjì ti pàdé. Ìyẹn ló já ọ kulẹ̀, kò sì yé mi nígbà tí o ṣàlàyé rẹ̀. O ní ìdajì méjèèjì lẹ̀ mọ́ra lójú kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n wọn kò so pọ̀. Báwo ni ìlà méjì ṣe lè wà lójú kan náà kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan? Mo ronú títí. Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú ọ̀pá irin méjì, mo gbé wọn sílẹ̀ lórí-kò-lórí, láìfi iná jó wọn pọ̀. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wò wọ́n. Ọ̀pá kan gígùn ni mo rí! Mo padà wá gbé e ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan dìde, ọ̀kan kù sílẹ̀. Áà, mo ní ó ti yé mi. Ìwọ gbé wọn síra, o kò jó wọn. Ojú rí ọ̀kan, ẹ̀rọ rí méjì, ó sì gé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí, bí o ṣe rán an gan-an.

Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, gbé e wò. Èmi máa ń fi ọwọ́ gbé tèmi. Ìwọ sọ fún mi nígbà kan pé ẹ lè sún àwòrán súnmọ́ ojú títí ìlà yóò fi tóbi bí okùn. Ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ibi tí wọ́n ti pàdé, nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé ọ̀gá ń kígbe lórí rẹ. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí ẹ fi ń mọ̀, kọ ọ́ sí mi, nítorí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an ni.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, àmọ́ ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. N kò sọ fún ìyá rẹ náà rí.

Ó ku oṣù méjì kí n gba fìrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀gá Sámù. Jímọ̀, ọmọ Ẹ̀júkù, ló tẹ̀ lé mi nínú àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Mo fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jó irin kó dán bíi tirẹ̀. Èmi ni mo mọ àwòrán yà. Nígbà ayé tiwa, ilẹ̀ símẹ́ńtì ni kọ̀ǹpútà: a máa fi ṣọ́ọ̀kì ya ọnà sílẹ̀, a óò tẹ ọ̀pá irin títí yóò fi bá ìlà ṣọ́ọ̀kì mu, a óò tò ó sínú férémù, a óò jó o. Lẹ́yìn náà la óò jó páànù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ará ìta má baà máa yọjú wo inú ọgbà.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́lé ní Ògìdì fún wa ní géètì alápá méjì. Ewé ńlá kan ni yóò wà lára apá kọ̀ọ̀kan, kí ṣóńṣó ewé méjèèjì máa wo ara wọn láàárín, níbi tí wọ́n ń tì. Ọ̀gá lọ síbi òkú ní Ìkòyí, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa. Mo ya apá kan, a tẹ̀ ẹ́, a jó o, ó dára. Ó yẹ kí n nu ṣọ́ọ̀kì yẹn nù, kí n yà á ní òdì fún apá kejì. Ọ̀lẹ mú mi. Mo ní kí a lo ìlà kan náà, pé irin kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Jímọ̀ ti gbé awò dúdú rẹ̀ wọ̀, ó tún bọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní kọjú síbì kan náà báyìí?"

"Ta ni ọ̀gá níbí?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Jó o, jọ̀ọ́. Òòrùn ń lọ."

Ó jó o. Ó jó páànù mọ́ ọn lẹ́yìn, ó kùn ún. Nígbà tí a gbé apá méjèèjì dúró ní Ògìdì, ewé méjèèjì ń wo ọ̀nà kan náà, bí ìgbà tí ẹnì kan pè wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. A kò sì lè yí ọ̀kan padà, torí bí a bá yí i, ẹ̀yìn páànù ni yóò kọjú síta. Apá òsì méjì la ṣe, géètì aláìlápá ọ̀tún. Ìyàwó olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá Sámù, tó ti dé láti ibi òkú, kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Jímọ̀ ló jó o."

Ọmọ mi, kì í ṣe irọ́. Jímọ̀ ló jó o lóòótọ́. Bí wọ́n bá gbé Bíbélì wá, ǹ bá gbá a mú búra. Síbẹ̀ n kò tíì pa irọ́ tó tó ìyẹn láyé mi. Jímọ̀ yíjú sí mi, ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. Kò sí ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò tọ́ Jímọ̀ láti já àgbà nírọ́ lójú ọ̀gá; níbi iṣẹ́ wa, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ kò lè sọ pé ìwọ ni. Mo mọ ìyẹn nígbà tí mo lanu. Ọ̀gá ní kó gbé apá òsì tó bà jẹ́ náà, kó máa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọjọ́ náà ló wọ ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Ìsánlú. Géètì wúwo, ẹnì kan kò lè dá a gbé. Èmi ni mo bá a gbé e sínú ọkọ̀. Ó kí mi, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Mo gba fìrídọ̀ọ̀mù mi lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ, wọ́n mu. N kò tún fojú kan Jímọ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Ǹjẹ́ o wá mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ lórí fóònù? "Dàńjúmà ló gé e." Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Mo rò pé imú mi àti àìsinmi mi nìkan lo jogún.

Nírọ̀lẹ́ náà mo mú bébà, mo fẹ́ kọ ọ́ pé, sọ òótọ́, ọmọ mi. Mo kọ "sọ", mo gbé bíírò sílẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo fi ọ̀pá irin méjì yẹn ṣeré tán, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀júkù. Ìyá rẹ rò pé irin ni mo lọ rà.

N kò ní láti béèrè ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí mo rí ewé mi láti ojú ọ̀nà. Jímọ̀ fi apá òsì náà ṣe ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀. Ó ti kùn ún láìmọye ìgbà, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé báyìí, ó ń dán. Pákó ni ó kàn pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ mi ni mo rí lára ewé náà, bí mo ṣe máa ń tẹ ṣóńṣó rẹ̀ jù díẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí oníbáárà.

Ó ń gé orí iṣu lábẹ́ igi máńgòrò. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó wò mí, ó ní, "Okun o. Ayàwòrán dé."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú mọ́tò. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Jímọ̀, èmi ni mo yà á."

"Mo mọ ẹni tó yà á," ó ní, "ṣebí mo wà níbẹ̀." Kò gbé orí sókè. "Èyí tí n kò mọ̀ ni ìdí tí o fi dárúkọ mi."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé wọn yóò sún fìrídọ̀ọ̀mù mi síwájú."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi kú, èmi lọmọ tó ba iṣẹ́ jẹ́ ní Kábà, tí wọ́n lé wálé. Ohun tó mọ̀ lọ nìyẹn."

Dúpẹ́, mo sunkún. Mi ò tijú láti kọ ọ́. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ní ìdílé tiwọn, ó ní, "Tún un sọ kí wọ́n gbọ́." Mo dúró níwájú àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ṣọ́ọ̀kì, ìbéèrè tó bi mí, èsì tí mo fún un, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ògìdì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bú mi. Mo gbà á. Jímọ̀ ní kó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n lọ sun iṣu.

Orí iṣu la wà tó bi mí pé kí ló gbé mi dìde lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ pé mo sọ ọ́, àmọ́ n kò lè lọ bá a ní òótọ́ ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́ ọ tán, kò dá ọ lẹ́bi, kò dá ọ láre. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń béèrè! "Ó ń yí i sódì fúnra rẹ̀? Láìnu ṣọ́ọ̀kì? Tí wọ́n bá fún un ní apá òsì, yóò mú ọ̀tún jáde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti ṣe é nígbà náà, ọ̀lẹ kì bá tí mú ọ."

Ìmọ̀ràn ẹ̀kẹrin nìyí, mo lè kọ ọ́ wàyí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ṣe é, má ṣe dárúkọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án gbẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá rẹ tó pinnu ohunkóhun, lọ bá a. Bẹ̀ ẹ́ kó pe Dàńjúmà síbẹ̀, torí kò tó kí ọ̀gá nìkan gbọ́. Ẹni tí o sọ ọ̀rọ̀ náà sí lára ni kó gbọ́ ọ bí o ṣe ń kó o kúrò. Sọ pé, "Èmi ni mo yà á, n kò so ó pọ̀ láàárín. Ohun tí mo yà ni ó gé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má fi ẹkún bò ó, má sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ó lè jẹ́ pé wọn yóò ní kí o máa lọ. Mi ò ní tàn ọ́. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé. Bẹ́ǹṣì mi gba kọ̀ǹpútà, iná máa ń wá díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ yóò sì rí ẹni fún ní ẹ̀fọ́ tó ń dà á láàmú yìí. Iṣẹ́ a máa tún yọjú. Ọgbọ̀n ọdún Jímọ̀ kò lè yọjú mọ́, ìyá rẹ̀ kò sì lè jí gbọ́. Dàńjúmà ṣì wà nílé, ọjọ́ mẹ́ta ló ṣì wà láàárín. O rí àǹfààní tí bàbá rẹ kò lò.

Ohun kan ló kù. Kí n tó kúrò ní Ẹ̀júkù, mo tẹ́ bébà símẹ́ńtì sára apá òsì yẹn, mo fi èédú tọ ìlà ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, Jímọ̀ di tépù mú. Fọ́tò rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, mo kọ gígùn àti ìbú sí i. Ṣóńṣó tí mo tẹ̀ jù yẹn, má tún un ṣe, bó ṣe wà ni Jímọ̀ fẹ́ ẹ. Fa ìlà àárín rẹ, yí i sódì fún wa, kí o sì wò ó dáadáa kó so pọ̀. Èmi ni yóò tẹ irin rẹ̀. Jímọ̀ ní òun ni yóò jó o, pé ọwọ́ òun kò tíì gbàgbé.

Àmọ́ má tíì fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé kọ́kọ́. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́ tán, bó bá ṣe wù kó rí, kí o jókòó yà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo ń gun ọ̀kadà padà, mo bojú wẹ̀yìn. Jímọ̀ ti mú òòlù, ó ń yọ pákó ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyè apá ọ̀tún ṣí sílẹ̀ gbayawu báyìí, ewúrẹ́ àdúgbò sì ti ń wọlé jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, jọ̀wọ́, má pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
ẹni tó ya géètì Ògìdì.